Kíláàsì ìdáná nílé ìyá alákàrà kan ní Salvador, Bràsíìlì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìdáná tẹ́ ẹ dẹ̀ fẹ́ràn àtimáa rìnrìn àjò, tẹ́sẹ̀ yín bá kan Salvador, ẹ má ná gbogbo owó yín sórí bọ́ọ̀sì tó ń gbé àlejò káàkiri ìlú, ẹ lọ wá kíláàsì tí wọ́n ń ṣe nínú ilé. Èyí témi lọ, ọjà Feira de São Joaquim ni wọ́n kọ́kọ́ kó wa lọ. Epo pupa tí wọ́n ń pè ní dendê wà nínú ìgò lóríṣiríṣi, edé gbígbẹ ga bí òkìtì, ilá, ata, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣe ló dà bíi pé mo wà ní Bódìjà.

Àkàrà gan-an ló bá mi lára mu jù, acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ̀wà olójú dúdú tí wọ́n ti rẹ ni, a bó èèpo ẹ̀, a lọ̀ ọ́, àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan ni màmá fi sí i, kò sí ata nínú ẹ̀ rárá torí ẹ̀yìn tó bá ti jinná ni wọ́n ń fi ata sí i. Ló bá gbé ọmọ orógùn fún wa pé ká máa pò ó, apá fẹ́ẹ̀ já, a pò ó títí tó fi wú tó funfun, tí màmá bá dẹ̀ ti ní kò tíì tó, kò tíì tó náà nìyẹn. Epo pupa tó kún ìkòkò ló fi dín in, ó wá ju odidi àlùbọ́sà kan sínú ẹ̀ kí epo má baà jó. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ìta ẹ̀ pọ́n, ó ń ró kẹ̀kẹ̀, inú funfun, ó rọ̀. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi vatapá sí i (búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà, kajú, wàrà àgbọn àti epo), pẹ̀lú caruru tí wọ́n fi ilá sè. Màmá ní tó bá di 27 September, ọjọ́ Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà tí wọ́n jẹ́ ìbejì, tí wọ́n ń so pọ̀ mọ́ Ìbejì, àwọn ọmọdé méje ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún ní caruru jẹ kágbà tó fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ àwọn ìyá alákàrà yìí, látọdún 2005 nìjọba Bràsíìlì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ogún ìlú ni, tẹ́ ẹ bá dẹ̀ rí bí màmá ṣe ń fi ṣíbí méjì ṣù ú sínú epo, ẹ ò ní bi mí pé kí ló dé.

Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n ti se vatapá sílẹ̀ ká tó dé, bẹ́ẹ̀ wọ́n sọ pé gbogbo ẹ̀ la máa jọ sè. A tún ti pọ̀ jù, ẹnì kan ṣoṣo ló ń túmọ̀ èdè Potogí fún gbogbo wa, àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ nǹkan kan. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè pé èwo gan-an la máa sè lójú ara wa, èèyàn mélòó la máa jẹ́. Ẹni tí edé ò bá bá lára mu, kó tètè sọ fún wọn, torí inú vatapá ló wà, inú caruru ló wà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ká ní a jọ se vatapá yẹn ni, màá fún wọn ní márààrún.