Awò páálí, gíláàsì wẹ́dà àbí fíltà: èwo lẹ máa rà wo ìṣíjibò oòrùn?

Lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 2027, òṣùpá yóò bo oòrùn bámúbámú fún ìṣẹ́jú mẹ́fà ó lé díẹ̀ nítòsí Luxor, nílẹ̀ Íjíbítì. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀ ni awò ayédèrú máa ń pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá máa rà, kó tètè rà.

Awò páálí ni èmi máa ń sọ pé kéèyàn rà. Kò wuyì lójú, àmọ́ tó bá jẹ́ ojúlówó, awò oníke olówó ńlá kò dáàbò bo ojú jù ú lọ. Ìrọ̀rùn etí àti imú lẹ fowó kún un fún. ISO 12312-2, ìyẹn nọ́ńbà ìlànà àgbáyé fún awò tá a fi ń wo oòrùn, ni kẹ́ ẹ wá lára rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é. Ẹnikẹ́ni ló kúkú lè tẹ nọ́ńbà yẹn sára páálí, nítorí náà ẹ wọ̀ ọ́ nínú yàrá. Àga, ògiri, títí kan àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ gbé síwájú ojú ara yín, kò gbọdọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ máa rí. Gílóòbù tó mọ́lẹ̀ gan-an lè hàn fírífírí, ó parí. Tẹ́ ẹ bá fi rí ọ̀nà dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Èyí tó bá họ, tó ya tàbí tó lu, ẹ jù ú nù. Ẹni tó ń lo awò ìríran tẹ́lẹ̀ á kàn fi lé e lórí ni. Awò dúdú tá a fi ń ṣe fàájì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, kódà kẹ́ ẹ wọ mẹ́ta léra wọn.

Gíláàsì wẹ́dà náà dára, tí nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe dúdú tó bá ti jẹ́ 12 sókè. Mo fara mọ́ 14, torí 12 ṣì máa ń tàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ó nípọn, kì í ká, àmọ́ ó wúwo lọ́wọ́, oòrùn á sì dà bí ewé tútù nínú rẹ̀. Akoto wẹ́dà tó ń dúdú fúnra rẹ̀ kọ́ là ń sọ o.

Níbi bàìnọ́kúlà àti tẹlisíkóòpù lọ̀rọ̀ ti le. Iwájú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ni fíltà, ìyẹn ohun tó ń dín ìmọ́lẹ̀ oòrùn kù, gbọ́dọ̀ wà. Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ibi tí ojú wà lè sán nítorí ooru, ẹ má rà á. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ má wọ awò páálí wo inú bàìnọ́kúlà tí kò ní fíltà: ìmọ́lẹ̀ tó ti kó jọ á dá awò náà lu, á wá kan ẹyinjú. Ẹni tó bá fẹ́ rí àmì dúdú ara oòrùn dáadáa ló nílò bàìnọ́kúlà tàbí tẹlisíkóòpù tó ní fíltà. Nínú awò páálí nìkan, oòrùn kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù kékeré lọ.

Ẹni tí kò fẹ́ náwó, kó kẹ́yìn sí oòrùn, kó gbé asẹ́ ilé ìdáná sókè. Gbogbo ihò rẹ̀ á tẹ oòrùn tí wọ́n bù jẹ sílẹ̀. Ilẹ̀ lẹ máa wò o, kì í ṣe inú ihò.

Awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú kì í mọ ìrora. Ó lè jóná, kí ọ̀pọ̀ wákàtí sì kọjá kí ìran tó máa ṣú. Ìdí nìyí tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ irú ìṣíjibò tó ń bọ̀ níbi tẹ́ ẹ máa wà. Tó bá jẹ́ ààbọ̀, tàbí èyí tí oòrùn ti yí òṣùpá ká bí òrùka, ẹ ò gbọdọ̀ bọ́ awò lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tó bá bò ó tán pátápátá nìkan lẹ lè bọ́ ọ. Bí ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ bá ti yọ létí òṣùpá, ẹ gbé e wọ̀ padà.