Kẹ̀kẹ́ yíyá létí omi Chicago: ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí

Bí ẹ bá ń bọ̀ wá kí ará ilé yín ní Chicago lásìkò ooru, tí wọ́n sì ti mú yín wọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tán, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó wà létí omi. Lakefront Trail ni wọ́n ń pè é. Láti òpópónà Ardmore ní àríwá ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba etí adágún Michigan lọ títí dé òpópónà 71st ní gúúsù: máìlì 18, bíi kìlómítà 29. Ẹ̀bá Ardmore yẹn ni mò ń gbé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, nítorí náà ìgbà tí àwọn ẹlòmíì wà ní ọ́fíìsì ni èmi máa ń ráyè gun kẹ̀kẹ́. Lójú tèmi, ọ̀nà yẹn dára ju kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń yáni lọ, ẹni tó bá sì mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ló máa gbádùn méjèèjì.

Kẹ̀kẹ́ ológeere tí ẹ máa rí káàkiri ni Divvy, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ìjọba ìlú ló ni ín, ilé iṣẹ́ Lyft ló ń bá wọn darí rẹ̀, ọdún 2013 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Fóònù àti káàdì bánkì lẹ fi máa yá a. Oríṣi méjì ló wà: èyí tí ẹ máa fẹsẹ̀ wà, àti èyí tó ń lo iná. Ẹ ra ìwé àṣẹ ọlọ́jọ́ kan. Láàárín wákàtí 24, ẹ lè gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ iye ìgbà tó bá wù yín, bí ẹ ò bá ti mú ẹyọ kan ju wákàtí mẹ́ta lọ kí ẹ tó dá a padà. Ṣùgbọ́n oníná, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó tiẹ̀, kódà bí ẹ bá ní ìwé àṣẹ. Kí ẹ gun oníná lọ wo omi dà bí ìgbà tí ẹ ní kí onítakisí dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ wá lọ jókòó jẹun. Bí orúnkún ò bá dùn yín, ẹ fi sílẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ náà wúwo, irọ́ ò sí níbẹ̀. Jíà mẹ́ta ló ní, kì í sáré, ṣùgbọ́n ta ló ń lé yín? Iwájú rẹ̀ ní ibi ẹrù tó ní okùn rọ́bà. Àpò kékeré dúró dáadáa níbẹ̀. Fóònù á já bọ́. Ẹ gbé ìjókòó sókè kí ẹ tó kúrò níbùdó, débi pé ẹsẹ̀ yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Wọn kì í fúnni ní akoto, ẹ mú tiyín dání.

Kò sì ní ohun tí ẹ máa fi tì í mọ́lẹ̀. Èyí ni àlejò kì í ronú sí. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ibì kan, ẹ ò lè fi kẹ̀kẹ́ síta lásán. Ẹ máa wá ibùdó, ẹ ti táyà iwájú bọ ibi tiẹ̀ títí iná aláwọ̀ ewé á fi tàn, tí ẹ bá sì jáde, ẹ yá òmíràn. Nítorí náà, ibi tí ibùdó wà ni kí ẹ fi ṣètò ibi tí ẹ máa dúró sí. Áàpù wọn máa ń fi iye kẹ̀kẹ́ àti iye àyè tó ṣófo hàn. Bí ẹ bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, Divvy kọ́ ni tiyín, ẹ lọ bá àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń yá kẹ̀kẹ́ ọmọdé fúnni.

Ó wá ku afẹ́fẹ́. Létí adágún yìí, afẹ́fẹ́ iwájú lè sọ máìlì márùn-ún di iṣẹ́ àgbàṣe. Bó bá ń ti àríwá bọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ardmore kí ẹ máa lọ sí gúúsù. Bó bá jẹ́ láti gúúsù, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Hyde Park, àdúgbò kan ní apá gúúsù, kí ẹ máa gùn ún bọ̀ wálé. Kò sẹ́ni tó fi dandan lé e pé kí ẹ gùn ún lọ, kí ẹ tún gùn ún bọ̀.

Báyìí ni mo ṣe mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gùn ún nígbà tó wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìgbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ti gun kẹ̀kẹ́ kẹ́yìn. Orí koríko la ti kọ́kọ́ dán an wò.

“Ìwọ ọmọ yìí, bí mo bá ṣubú, ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé fáwọn ọmọ mi o.”

“Ẹ ò ní ṣubú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa wo iwájú, ẹ má wo táyà.”

Nígbà tá a fi máa dé Montrose, òun ló ń fi aago lé èèyàn kúrò lọ́nà. Ó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ó bu omi tọ́ wò. “Omi tí a ò rí òdìkejì rẹ̀, tí kò tún níyọ̀!” Ẹ̀rín pa mí.

Ní North Avenue Beach, ilé kan wà tí wọ́n kọ́ bí ọkọ̀ ojú omi, àwọn àgbà ọkùnrin sì máa ń ta chess lórí tábìlì òkúta nítòsí. Ibẹ̀ lèrò pọ̀ sí jù. Láti 2018 ni wọ́n ti parí pípín ọ̀nà sí méjì, ti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ́tọ̀, ti kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀, àmọ́ ẹni tó gbé aṣọ ìnura lọ́rùn kì í wo ìlà. Ẹ rọra. Bákan náà ní Oak Street, níbi tí ìgbì ti máa ń ta omi sórí kọnkéré. Afárá Navy Pier tí wọ́n ṣí ní 2021 ló gbà wá lọ́wọ́ kíkọjá láàárín mọ́tò ní ibi tó le jù.

Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń yí padà níbi àwọn musíọ́ọ̀mù. Ẹ má yí padà. Ẹ yà dé Adler Planetarium, ilé tí wọ́n ti ń fi ìràwọ̀ han èèyàn, ẹ wo gbogbo ilé gogoro ìlú láti orí omi, ẹ jẹun níbẹ̀, kí ẹ sì máa bá gúúsù lọ. Ẹ gbé oúnjẹ dání o. Ibì kan tí mi ò ní dárúkọ ta ọ̀dùnkún díndín tútù fún wa lówó gọbọi. Mọ́ínmọ́ín inú àpò ẹ̀gbọ́n mi ló gbà wá.

Láti ibẹ̀ lọ, èrò á dín kù, ọ̀nà á sì tutù. Ariwo mọ́tò nìkan ni kò dáwọ́ dúró, nítorí títì ńlá kò jìnnà síbẹ̀. Láti 2021 ni wọ́n ti fi orúkọ DuSable, ọkùnrin dúdú tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbí yàtọ̀ sí àwọn onílẹ̀, kún orúkọ títì náà. Nítòsí òpópónà 29th, ẹ wá òkúta kan tí wọ́n kọ̀wé sí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje 1919, Eugene Williams, ọmọ dúdú ọlọ́dún 17, ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, omi gbé e kọjá sí apá tí àwọn òyìnbó ń pè ní tiwọn, òyìnbó kan ń sọ òkúta, ọmọ náà sì kú sómi. Ọlọ́pàá kọ̀, kò mú ẹni tó sọ ọ́. Rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ pa èèyàn 38, 23 nínú wọn jẹ́ dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi ka ọ̀rọ̀ ara òkúta náà sókè bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì. Ẹni tó bá sáré kọjá kò ní rí i.

A parí rẹ̀ sí Promontory Point, níbi tí wọ́n to òkúta bí àtẹ̀gùn wọ inú omi. Láti òpópónà 55th, ẹ gba abẹ́ títì wọ Hyde Park, ẹ dá kẹ̀kẹ́ padà, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 6 dé àárín ìlú, kí ẹ wọ 147 padà sí àríwá; káàdì bánkì ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni mo fún ọ̀nà náà, kẹ̀kẹ́ gba mẹ́fà. Ìgbà ooru ni mò ń sọ o: bí òtútù bá ti dé, wọ́n á ti omi ẹ̀rọ, wọ́n á sì ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ etí omi pa.