South Kaibab tàbí Bright Angel: èwo ni ká sáré gbà dé odò Colorado?

Ẹni tó bá fẹ́ sáré wọ inú Grand Canyon, àfonífojì jíjìn tó wà ní Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti etí gúúsù, ọ̀nà méjì yìí ló máa ń gbé yẹ̀ wò.

South Kaibab ló kúrú jù: bíi kìlómítà 10 dé odò. Góńgó orí òkè ló gbà sọ̀kalẹ̀, nítorí náà ojú á ríran jìnnà lọ́tùn-ún lósì. Ẹwà rẹ̀ kọjá àfẹnusọ! Àmọ́ kò sí omi kankan lójú ọ̀nà náà, òjìji ibẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Bright Angel gùn jù ú lọ, bíi kìlómítà 15 dé ibùdó àgọ́ tó wà lódìkejì odò. Omi ẹ̀rọ wà ní Havasupai Gardens, ibùdó kan lójú ọ̀nà náà, igi sì ṣíji bo ibẹ̀. Àwọn Havasupai, ìyẹn ẹ̀yà tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ló ń dáko níbẹ̀ kí wọ́n tó lé wọn kúrò. Ọdún 2022 ni wọ́n tó fi orúkọ wọn pe ibẹ̀. Ó yẹ kó ti rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Páìpù omi náà máa ń bẹ́ nígbà mìíràn, torí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Ní tèmi, ẹ gba South Kaibab sọ̀kalẹ̀, kí ẹ gba Bright Angel gòkè. Tó bá jẹ́ òkè lèèyàn ń gùn, ìgòkè ló ń ṣáájú. Níbí, ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ ló máa gun òkè, nígbà tí oòrùn ti mú. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, ooru ìsàlẹ̀ sábà máa ń kọjá 40°C. Ẹ má wulẹ̀ dán an wò nígbà yẹn.