Ayùn ọwọ́ àti ayùn iná: èwo ni kí a fi gé igun férémù?

Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Kàbà, méjèèjì la ní. Ayùn ọwọ́ ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Kò bèèrè iná, ṣùgbọ́n ó ń rẹ apá, gígé igun dígírì 45 lára ìrókò sì gba sùúrù gan-an.

Ayùn iná tí a ń fà wálẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Abẹ rẹ̀ ń yí ju ìgbà 3,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín igi àti ìka. Mo máa ń fi kíláǹpù, irin tí a fi ń di igi mú, de igi mọ́ irin ẹ̀yìn ayùn náà, ọwọ́ mi á sì jìnnà sí abẹ tó ínǹṣì 6. N kì í wọ ìbọ̀wọ́, torí abẹ lè gbé e, kó fa ọwọ́ wọlé. Kí abẹ sáré dáadáa kó tó kan igi. Bó bá gé tán, fi súwíìṣì sílẹ̀, kí abẹ dúró jẹ́ẹ́ kí o tó gbé e sókè. Mo kánjú gbé e nígbà kan. Ègé igi fò kọjá létí mi, ó lu ògiri gbàà! Láti ọjọ́ náà, gíláàsì ò kúrò lójú mi lẹ́nu iṣẹ́.

Iná tó ń lọ láìsọ ńkọ́? Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun lábẹ́ abẹ, torí ó lè dé lójijì.

Bí férémù bá pọ̀, ayùn iná ni mo máa mú. Pákó kúkúrú tí kíláǹpù ò lè dì mú, ayùn ọwọ́ ni mo fi ń gé e.