Ọ̀bẹ ìdáná olówó pọ́ọ́kú: ìfiwéra mẹ́rin fún ará Abẹ́òkúta tó fẹ́ rà

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀bẹ ńlá fún ilé ìdáná, tí ẹ kò sì fẹ́ kó gbé gbogbo owó ọbẹ̀ lọ, mẹ́rin ni ẹ ó máa yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni ọ̀bẹ àgbẹ̀dẹ, tí wọ́n fi ọwọ́ rọ. Èkejì ni ọ̀bẹ dídán tó ń ti Ṣáínà wá, irú èyí tó kún orí àtẹ ní Kútọ̀, Ìtòkú àti Láfẹ́nwá. Ẹ̀kẹta ni Kiwi, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ṣe ní Thailand. Ẹ̀kẹrin ni àwọn tí alásè ilé oúnjẹ ń lò lókè òkun, tí owó wọn kò tíì di ti ọlọ́lá: Victorinox Fibrox ti Switzerland, Mercer ti Amẹ́ríkà, Tramontina ti Brazil.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí. Ọ̀bẹ tí ara rẹ̀ tín-ín-rín, tó sì gba pípọ́n, ni ọ̀bẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni orúkọ tó wà lára rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Owó tí ẹ bá mú dání, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ra ọ̀bẹ. Ẹ yọ owó òkúta ìpọ́nbẹ sọ́tọ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Mo mọ ilé tí ọ̀bẹ olówó gọbọi wà, tí wọ́n ń fi í já ẹran bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, kò fojú kan òkúta rí.

N kò ní kọ iye náírà síbí, torí owó ọjà kì í dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn kì í sábà yí: Kiwi àti ọ̀bẹ Ṣáínà ló dínwó jù, ti àgbẹ̀dẹ sún mọ́ wọn, Tramontina wà láàárín, Mercer àti Victorinox ló gba owó jù.

Ohun tí ẹ ó wò lórí àtẹ

Dídán ni wọ́n fi ń tan èèyàn. Ẹ gbójú kúrò níbẹ̀, ẹ gbé ọ̀bẹ náà sókè, kí ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sójú yín, ibi tí kò mú yẹn. Ti Victorinox kò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà 2 lọ, ti Kiwi kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ orí àtẹ nípọn ju ìyẹn lọ, ìnípọn náà á sì bá a débi tó kù díẹ̀ kó kan ojú ọ̀bẹ. Ẹ fi irú rẹ̀ gé kárọ́ọ̀tì, ẹ ó gbọ́ ọ, “pá!” Kò gé e, ńṣe ló là á. Ẹ fi gé iṣu, yóò há sí i nínú, ẹ ó wá máa fi ọwọ́ kejì lù ú lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ lè mú lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ara rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kó kọjá.

Ẹ fi ojú rẹ̀ lélẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ di èèkù rẹ̀ mú bí ẹni fẹ́ gé nǹkan. Bí oríkèé ìka yín bá ń gbá tábìlì, ẹ dá a padà. Ẹ wo ibi tí irin ti wọ inú èèkù: bí àlàfo bá wà níbẹ̀, omi ẹran ni yóò máa wọ ibẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa rùn. Ní ti gígùn, sẹ̀ǹtímítà 20 tó fún ìdáná ilé.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ìlú òyìnbó ta ọjà fún yín. Solingen ni ìlú tí wọ́n fi ọ̀bẹ mọ̀ jù ní Jámánì, òfin ilẹ̀ wọn sì ti ń dáàbò bo orúkọ yẹn láti ọdún 1938: ẹni tí kò bá ṣe ọ̀bẹ rẹ̀ ní àgbègbè náà kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí ẹ bá rí “Solingen” tàbí “Germany” tí wọ́n fi ọ̀dà tẹ̀, tí èékánná lè ha kúrò, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń wò. Bí ẹ bá ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́ nínú páálí,” tí ìyá ọlọ́jà bá dáhùn pé, “Oníbàárà mi, kí lẹ tún fẹ́ wò, ojúlówó ni,” ẹ rọra bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ yọ wò, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀bẹ àgbẹ̀dẹ

Sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti gbó ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọ́, irin gidi sì ni. Ó ní carbon tó pọ̀ tó láti le, kò sì ní chromium tó pọ̀ tó láti lé ìdógùn-ún sẹ́yìn. Ìdí nìyí tó fi lè mú kọjá sísọ, tó sì lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ó bá sùn nínú omi mọ́jú.

Inú iná àti omi ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Bí alágbẹ̀dẹ bá mú un pọ́n dáadáa nínú iná, tó sì rì í bọ omi tàbí òróró lásìkò, yóò le. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ra irin tútù nìyẹn, ojú rẹ̀ yóò máa yí. Ẹ ní kí wọ́n fi fáìlì ha ojú rẹ̀ níṣojú yín. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó le. Bí ó bá ń jẹ wọlé wẹ́rẹ́, kò le.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀bẹ yìí ni pé ẹni tó rọ ọ́ wà nítòsí. Ẹ lè sọ fún un pé, “Bàbá, ẹ bá mi fẹ̀ ẹ́ níkùn, kí ẹ jẹ́ kó fẹ́lẹ́ lójú,” yóò sì rọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ Switzerland tó máa ṣe ìyẹn fún yín. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú di dúdú lóòótọ́, àlùbọ́sà àti òròm̀bó wẹ́wẹ́ á sì mú kí ara òun náà yí àwọ̀. Dúdú tó bá bò ó lára kò burú, ó tiẹ̀ ń dáàbò bò ó díẹ̀. Pupa ni kí ẹ sá fún.

Ọ̀bẹ Ṣáínà orí àtẹ

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn tó dára wà níbẹ̀, Ṣáínà ń ṣe ọ̀bẹ àtàtà tí alásè ńlá ń lò. Àwọn tí wọ́n kó wá sí àtẹ tiwa ni irin wọn sábà máa ń rọ̀, tí ẹ̀yìn wọn sì nípọn. Èyí tí wọ́n kó mẹ́fà papọ̀ sínú páálí kan pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì ni kí ẹ yàgò fún jù. Ẹyọ kan tó fẹ́lẹ́ wúlò ju mẹ́fà tó kú lọ.

Kiwi

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé Kiwi lọ́wọ́ yóò rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, torí ó fúyẹ́ bíntín. Ẹ fi rẹ́ ilá kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ó ń wọlé bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ilá kò sì ní fọ́, kò ní rún. Irin rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, nítorí náà kò lè pẹ́ kó tó nílò òkúta. Àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí òkúta, ó ti mú padà. Èèkù rẹ̀ ni kò dára tó. Bí ọwọ́ yín bá tóbi, yóò máa yọ̀.

Victorinox àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Ọdún 1884 ni Karl Elsener dá ilé iṣẹ́ tó wá di Victorinox sílẹ̀ ní Switzerland. Irin tí wọ́n ń lò ni X50CrMoV15: carbon inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, chromium rẹ̀ sì jẹ́ bí ìdá 15. Chromium yẹn ni kì í jẹ́ kó dógùn-ún. Líle rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Rockwell jẹ́ bí 55 sí 56, tó túmọ̀ sí pé ojú rẹ̀ lè yí díẹ̀ bí ẹ bá fi kan egungun, ṣùgbọ́n kì í já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Oríṣi Mercer tí wọ́n ń pè ní Genesis ń lo irú irin kan náà. Tramontina, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Brazil lọ́dún 1911, ń ṣe oríṣi púpọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún alásè ni kí ẹ béèrè, torí àwọn tó fúyẹ́ lówó jù nínú wọn kò rí bákan náà.

Èèkù Fibrox kì í ṣe ohun ẹwà, àmọ́ òun ni mo mọ̀ tí kì í yọ̀ bí ọwọ́ bá tilẹ̀ kún fún ọ̀rá ẹran. Ayédèrú rẹ̀ wà káàkiri. Bí owó rẹ̀ bá kéré jọjọ sí ti ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ fura.

Ẹ fi wọ́n kojú ara wọn

Ilá àti ẹ̀fọ́: Kiwi ló borí, Victorinox tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, àní ẹ̀fọ́ tí wọ́n ká pọ̀ nídìí ńlá bọ́ sí Victorinox lọ́wọ́ jù, nítorí gígùn rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ èyí: ọ̀pọ̀ wa ló ń rẹ́ ilá àti ẹ̀fọ́ sínú abọ́ láti àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀bẹ ńlá kò wà fún ìyẹn. Ẹ fi ọ̀bẹ kékeré ṣe é, tàbí kí ẹ ra pákó ìgéfọ́ kún un.

Tòmátì àti tàtàṣé: ojú tó mú ló ń ṣe é, kì í ṣe orúkọ. Gbogbo wọn ló lè gé e bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òkúta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ ó rí ìyàtọ̀: ọ̀bẹ àgbẹ̀dẹ tó le dáadáa àti Victorinox ṣì ń wọlé, ti Ṣáínà ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Pọ̀nmọ́ àti ṣàkì: ibí ni Victorinox ti ya gbogbo wọn sílẹ̀. Ẹran tó ń yọ̀, tó sì ń fà, nílò ọ̀bẹ tó dúró lọ́wọ́.

Gígé iṣu sí wẹ́wẹ́: ọ̀bẹ àgbẹ̀dẹ tó fẹ́lẹ́, tó sì wúwo. Bíbẹ rẹ̀, ọ̀bẹ kékeré.

Egungun, orí ẹja, ẹja yìnyín tí kò tíì yọ́: ọ̀bẹ àgbẹ̀dẹ tó nípọn tàbí àáké alápatà nìkan. Ẹ má fi Kiwi tàbí Victorinox débẹ̀. Àwọn ọ̀bẹ Japan tó ń lé ní 60 lórí Rockwell kò tilẹ̀ gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, ojú wọn á já ni, ìdí nìyẹn tí n kò fi kó wọn sínú ìfiwéra yìí.

Ìtọ́jú

Abẹ́òkúta kún fún òkúta, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ní èyí tí wọ́n ti fi àdá gbo títí tó fi dán. Fún àdá, ó dára. Fún ọ̀bẹ tín-ín-rín, kò dára, torí hóró inú òkúta wa kò dọ́gba, àwọn kan tóbi, àwọn kan kéré, wọ́n á sì ha ojú rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ káfíńtà, ẹ béèrè òkúta olójú méjì. Bí nọ́ńbà bá wà lára rẹ̀, 400 ni ti ọ̀bẹ tó ti bàjẹ́, 1000 ni ti ojoojúmọ́.

Ẹ bomi rin ín, ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ rẹ̀ kó má baà rìn. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè díẹ̀ lórí òkúta, ó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, ìwọ̀n ìka ọmọńdinrín. Ẹ máa tì í lọ, kí ẹ máa fà á bọ̀, láti ìdí dé ṣóńṣó, láìyí ìwọ̀n yẹn padà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò ra òdìkejì, láti ẹ̀yìn lọ sí ojú, kì í ṣe lọ́wọ́ọ̀wọ́ ojú rẹ̀ o. Ẹ ó kan nǹkan tó ń ta sí ọwọ́ wérewère: irin ni, ó ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyẹn ni àmì pé ẹ̀gbẹ́ yẹn ti tó. Ẹ yí i padà, ẹ ṣe bákan náà, kí ẹ wá rọra fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kan òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan títí nǹkan náà yóò fi pòórá. Bí kò bá sí òkúta, abẹ́ ife tánganran, ibi tí kò dán yẹn, lè gbà yín sílẹ̀.

Ọ̀pá irin tí alápatà ń fi ọ̀bẹ gbo kì í pọ́n ọn. Ojú tó ti yí ló ń tọ́ padà, ó sì dára fún Kiwi àti Victorinox láàárín ọjọ́ tí ẹ ó fi pọ́n wọn.

Àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ kiri àdúgbò mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ wọn ń gbóná. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa rì í bọ omi léraléra. Bí ojú ọ̀bẹ bá ti di àwọ̀ aró, iná ti gba líle rẹ̀ lọ níbẹ̀, ẹ ó ní láti pọ́n ibẹ̀ dànù kí ẹ tó rí irin tó dára.

Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rì í bọ háípò, irin tí kì í dógùn-ún pàápàá, háípò ń gbẹ́ ihò sí i lára. Ti àgbẹ̀dẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á. Ẹ má gé nǹkan lórí àwo tánganran tàbí símẹ́ńtì: pákó tàbí ike ni.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ọmọ iléèwé tàbí ẹni tó ń dá gbé: Kiwi kan àti òkúta kan. Ó parí.

Ilé tí iṣu, ẹran àti ẹ̀fọ́ ń wọ ìkòkò lójoojúmọ́: Kiwi fún ẹ̀fọ́ àti tòmátì, ọ̀bẹ àgbẹ̀dẹ kan fún iṣẹ́ líle. Owó méjèèjì kò tó ti Victorinox kan, wọ́n á sì ṣe ju òun nìkan lọ.

Alásè òde tó ń gé ẹran láti òru mọ́jú ni mo máa sọ fún pé kó ra Victorinox tàbí Mercer láìṣiyèméjì, torí ọwọ́ tó rẹ̀ nílò èèkù tí kì í yọ̀. Kó fi ọ̀dà pupa kun ìdí èèkù náà lọ́jọ́ tó bá rà á, torí níbi àríyá, ọ̀bẹ tó mú ni gbogbo ọwọ́ ń wá.