Àgbéyẹ̀wò: Ibi Tí A Ti Lọ Gba Ìmọ̀ràn Lórí Ẹ̀kọ́ Ẹranko Igbó

Orí ìdúró ni mo wà ní ilé kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń gbani nímọ̀ràn, tí mo ń ka ìwé ìforúkọsílẹ̀ JAMB tí wọ́n tẹ̀ jáde fún ọmọbìnrin mi, nígbà tí mo rí i pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ṣe yíyàn àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ àbójútó igbó àti ẹranko igbó ni a sọ fún wọn, a sì ti san owó ìmọ̀ràn lọ́tọ̀. Mo pa dà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó tẹ̀ ẹ́, mo bá a tó ń jẹ gúgúrú nídìí kọ̀ǹpútà. Kò tilẹ̀ dìde. Ó ní, “Mọ́mì, a bá yín ṣe é dáadáa ni. Ta ló ń rán ọmọbìnrin lọ ṣọdẹ?” Ọdẹ ni bàbá tó bí mi lọ́mọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí ní akínyẹmí ara, mo sì pariwo débi pé gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà ló yíjú.

Ariwo yẹn ló mú obìnrin kan jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ báọ́lọ́jì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó,” ó sì ní kí ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ méjì sórí tábìlì, ti Súọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa ẹranko) àti ti àbójútó ẹranko igbó, ó ń fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ wọn. Ọdún 4 ni Súọ́lọ́jì, kòkòrò, aràn àti bí ara ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́ ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọdún 5 ni èkejì, torí pé abẹ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fásitì wa fi í sí, akẹ́kọ̀ọ́ á sì lo ọ̀pọ̀ oṣù lóko àti nínú igbó. Ó bi ọmọ mi pé, “Ara ẹranko lo fẹ́ mọ̀, àbí ibi tó ń gbé lo fẹ́ máa tọ́jú?” Ọmọ náà ní bí wọ́n ṣe ń ka ẹyẹ inú igbó lòun fẹ́ mọ̀. Obìnrin náà bá fa ìlà méjì sábẹ́ ìṣirò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá ń sá fún un kò lè ka ẹyẹ kankan. Ó sọ fún wa nípa ẹyẹ kan tó jọ ẹ̀ga, Malimbus ibadanensis, tí wọ́n fi ìlú wa, Ìbàdàn, sọ lórúkọ ní 1958, tí kò sì sí níbòmíràn láyé ju gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ. Ó tún dárúkọ APLORI, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ ní Jos, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni gboyè kejì lórí ìdáàbòbò ẹ̀dá. Wákàtí kan àtààbọ̀ ló lò pẹ̀lú wa, kò sì gba kọ́bọ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n nígbà tí JAMB ṣí àyè àtúnṣe sílẹ̀, àwa la san owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àṣìṣe wọn ni. Mo béèrè fún rìsíìtì lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó fún mi. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó lọ sídìí kọ̀ǹpútà ọmọkùnrin yẹn.

Máàkì tí mo fún wọn ni 4 nínú 5. Owó àtúnṣe ni mo fi yọ ẹyọ kan.