Ẹ̀rọ àtúnlò omi fún ibi ìfọkọ̀ tó ń lo omi kànga: bí mo ṣe rí i

Ẹni tó ta ẹ̀rọ yìí fún mi sọ pé kò ní jẹ́ kí omi máa ṣòfò. Kò parọ́, omi kì í ṣòfò mọ́. Àmọ́ nítorí sokawéè, ìyẹn kòtò tí omi sẹ́pítíìkì ń gbà wọlẹ̀, ni mo ṣe rà á, ibẹ̀ náà sì ni mo ti rí èrè rẹ̀.

Ti omi tó ń wọlé kò ṣòro. Bí kànga kì í bá tètè sun, ẹ gbé tánkì ńlá kalẹ̀, kí pọ́ǹpù máa fà á díẹ̀díẹ̀ lóru. Omi tó ń jáde ni iṣẹ́ wà. Kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ ìdọ̀tí inú sẹ́pítíìkì, ọṣẹ líle àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kò sì bá wọn lára mu. Ẹrẹ̀ abẹ́ mọ́tò á kún ìsàlẹ̀, gíríìsì á lọ dí ilẹ̀ tó yẹ kó fa omi mu, kẹ́ ẹ tó mọ̀, omi ti ń ru jáde. Inú ilẹ̀ yẹn kan náà lẹ sì ti ń fa omi kànga o! Òfin ibòmíràn ò tiẹ̀ gbà kí omi ìfọkọ̀ wọ sẹ́pítíìkì rárá, ẹ yáa béèrè kẹ́ ẹ tó gbẹ́lẹ̀.

Yàrá mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà ní. Yanrìn àti ẹrẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀ ní àkọ́kọ́, ọ́ìlì á léfòó ní ìkejì, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí omi ní ìkẹta, lẹ́yìn náà ni yóò gba inú fílítà oníyanrìn kọjá. Omi yìí la fi ń ṣan ẹrẹ̀ kúrò àti fún táyà. Omi kànga gangan la fi ń ṣan mọ́tò kẹ́yìn, torí iyọ̀ tó ti yòrò sínú omi àtúnlò ń pọ̀ sí i ni, fílítà ò lè mú un.

Ọṣẹ ló máa sọ bóyá ẹ̀rọ yìí á ṣiṣẹ́ àbí kò ní ṣiṣẹ́. Mo bu omi yàrá kejì sínú ìgò nígbà tí a ń lo ọṣẹ tó ń hó gan-an: ó ṣe bàìbàì, ọ́ìlì ti wọnú omi, ilẹ̀ sì mọ́ tí wọn ò yà. A pààrọ̀ rẹ̀ sí ọṣẹ tó máa ń jọ̀wọ́ ọ́ìlì, mo tún bu omi mìíràn. Kí wọ́n tó fọ mọ́tò tó tẹ̀ lé e tán, ọ́ìlì ti gun ọrùn ìgò, ìsàlẹ̀ ti mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi níbi tí mo ti rà á, ìwé tó bá a wá náà ò sì mẹ́nu bà á.

Wọn ò sọ pé ẹ̀rọ náà kì í sọ omi líle, èyí tí ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀, di rírọ̀. Bí omi kànga yín bá ń fi àbàwọ́n funfun sára gíláàsì, tàbí tí irin inú rẹ̀ ń pọ́n bí ìpẹtà, ẹ̀rọ mìíràn lẹ máa rà fún un, bó bá sì jẹ́ èyí tó ń tú omi iyọ̀ jáde, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó wọ sẹ́pítíìkì.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni òórùn. Bí iná bá lọ, tí atẹ́gùn ò fẹ́ mọ́, omi á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, oníbàárà á sì gbọ́ ọ lára mọ́tò rẹ̀. Ẹ wá iná mìíràn fún pọ́ǹpù atẹ́gùn yẹn nìkan, kì í jẹ iná púpọ̀.

Báyìí, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ti ìfọwọ́ nìkan ló ń wọ sẹ́pítíìkì mi, sokawéè sì ti gbẹ. Ẹni tí mọ́tò díẹ̀ ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lójúmọ́ kò nílò ẹ̀rọ yìí: kòtò tí ẹrẹ̀ ti ń rọ̀, ọṣẹ tó dáa, àti ọkọ̀ tó ń wá kó omi náà lọ ti tó o. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀, kó rà á, kó sì bá àwọn tó ń kó ọ́ìlì àlòkù sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n fi aago sí yàrá àkọ́kọ́, kó máa ké bí ẹrẹ̀ bá kún. Ọ̀pá la ṣì fi ń wọ̀n ọ́n.